Vanuatu: Ilẹ̀ Tí Ọ̀gá Méjì Jọ Ṣàkóso, Tí Èdè Rẹ̀ Lé Ní Ọgọ́rùn-ún

Bí ìyá kan ní Port Vila bá fẹ́ sọ pé ọmọ òun kò mọ nǹkan ọ̀hún, ohun tó máa sọ ni, "Pikinini blong mi i no save." Ẹni tó bá ti gbọ́ Píjìn rí ní Ajégúnlẹ̀ tàbí ní Wàrí kò nílò ògbufọ̀. "Pikinini" yẹn ni "pikin" tiwa, "save" sì ni "sabi". Ẹnu àwọn atukọ̀ Potogí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá kí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á, tí wọ́n ń gbé e kiri èbúté ayé. Wọ́n já díẹ̀ sílẹ̀ ní etíkun tiwa, wọ́n sì já díẹ̀ sílẹ̀ ní àárín Òkun Pàsífíìkì, níbi tí Port Vila ti jẹ́ olú ìlú orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ń jẹ́ Vanuatu.

Tẹ́ ẹ bá dárúkọ Vanuatu láwùjọ, ẹnì kan á ní ṣé Tuvalu lẹ ń sọ ni. Ẹlòmíràn á ní àbí ibi tí wọ́n ti ń fowó ra ìwé ìrìnnà. Ẹni tó ka ìwé díẹ̀ á ní Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso ibẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í á ní rárá o, Faransé ni. Àwọn méjèèjì ló jàre. Níbi tí wọ́n ti jàre pọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ra wọn, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ tú. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ náà wà.

Láti àríwá Ọsirélíà, tẹ́ ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ó tó nǹkan bí 1,750 kìlómítà lórí omi kẹ́ ẹ tó kàn án. Solomon Islands wà lókè rẹ̀, Fíjì wà lápá ìlà-oòrùn, New Caledonia tó ṣì wà lọ́wọ́ Faransé títí di òní wà nísàlẹ̀ lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Tuvalu tí wọ́n máa ń fi pè é kò jọ ọ́ rárá: ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́gba ni Tuvalu, òkè lórí òkè sì ni Vanuatu. Tabwemasana, òkè tó ga jù níbẹ̀, ga tó 1,879 mítà. Erékùṣù bí 83 ló pa pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà, àwọn èèyàn ń gbé lórí nǹkan bí 65 nínú wọn, wọ́n sì tò bí lẹ́tà Y tí ẹnì kan kọ wọ́ọ́wọ̀ọ́ sórí omi. Láti orí dé ìdí lẹ́tà yẹn jẹ́ nǹkan bí 1,300 kìlómítà, ó jìn ju Èkó sí Kánò lọ. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ilẹ̀ tó wà lórí omi náà jọ, 12,189 kìlómítà níbùú lóròó ni, tó ju Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ. Ìkànìyàn ọdún 2020 kà tó nǹkan bí 300,000 èèyàn. Ìbàdàn á gbé gbogbo wọn mì, kò ní bẹ̀hìn.

Santo ni erékùṣù tó tóbi jù. Malakula tẹ̀ lé e. Orí Efate ni Port Vila wà, Tanna wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí púpọ̀ nínú wọn, iná náà ò sì tíì kú. Òkè Yasur ní Tanna ń bú ramúramù, ó ń tu iná sókè lójoojúmọ́, àwọn arìnrìn-àjò sì máa ń gun orí rẹ̀ lọ wòran. Ní Ambae, lọ́dún 2017, òkè oníná gbóná débi pé wọ́n ní láti kó gbogbo ará erékùṣù náà, nǹkan bí 11,000 èèyàn, kúrò níbẹ̀. Eérú iná yẹn náà ló jẹ́ kí ilẹ̀ wọn lọ́ràá. Iṣu wọn ta bí iṣu. Wọ́n máa ń rin ín, wọ́n á da omi àgbọn sí i, wọ́n á fi ewé dì í, wọ́n á sì fi òkúta gbígbóná sè é; laplap ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá rí i á wò ó lẹ́ẹ̀mejì, á ní ta ló kọ́ wọn ní ìkọ́kọrẹ́. Ní Pentecost, nígbà tí iṣu tuntun bá dé, àwọn ọkùnrin máa ń so okùn àjàrà igbó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á sì já láti orí ilé onígi gíga, orí sílẹ̀ ẹsẹ̀ sókè. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òyìnbó ti rí eré okùn-rírọ̀ tí wọ́n ń sanwó ṣe káàkiri ayé báyìí.

Èdè wọn wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ èdè kan ka 110, ìkà tó tún jinlẹ̀ sí i ka 138. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ò le: ibi tí èdè ti parí tí ẹ̀ka-èdè ti bẹ̀rẹ̀ kò dá gaara, bí àwa náà ṣe lè jókòó jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú bóyá èdè ọ̀tọ̀ ni Ìtsẹkírì àbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni pẹ̀lú Yorùbá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú 138 yẹn, tẹ́ ẹ fi pín 300,000, èdè kan bọ́ sọ́wọ́ èèyàn bí 2,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí èdè ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí iye èèyàn rẹ̀. Malakula nìkan ní ju 30 lọ. Èdè kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ á jókòó sínú bọ́ọ̀sì kan, àyè á ṣẹ́ kù.

Àwọn kan máa ń rò pé ohun tó fà á ni pé onírúurú ẹ̀yà ló wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo èdè náà, ẹbí ńlá tó na apá láti Madagásíkà dé Hawaii. Ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn atukọ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè ní Lapita gúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti hú itẹ́ òkú wọn ní Teouma ní Efate, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n finfín sí lára. Èdè kan tàbí àwọn èdè tó jọra pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n gbé dé. Ọdún 3,000 wá ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Òkun pín wọn, òkè pín wọn, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó, torí abúlé méjì tó lè gbọ́ àkùkọ ara wọn máa ń sọ èdè tó yàtọ̀. Ohun tó tún kún un ni pé kò sí ọba ńlá kan tó fi ohùn ilé tirẹ̀ borí ti àwọn yòókù, kálukú sì ka èdè tirẹ̀ sí àmì ilẹ̀ rẹ̀. Bí abúlé kan bá ti rí i pé àwọn ará òdìkejì ń sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, àwọn á fẹ́ sọ tiwọn báyẹn. Ìyàwó á ti ìlú mìíràn wá, ọmọ á gbọ́ ti ìyá, á gbọ́ ti bàbá, á gbọ́ ti aládùúgbò. Ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́rin kì í ṣe ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, èèyàn lásán ni.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ pé kí ọ̀kan nínú èdè wọ̀nyí di ohun tí Yorùbá inú Bíbélì Crowther dì fún wa, ohùn kan tí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì lè jọ kà. Ìjọ Áńgílíkà yan èdè Mota, láti erékùṣù kékeré kan ní àríwá, wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Norfolk Island. Nígbà tó yá wọ́n pa á tì, wọ́n mú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mota padà sílé rẹ̀, ó di èdè kékeré bí tàná.

Èdè tó wá so gbogbo wọn pọ̀ kò ti ilé ìjọsìn wá. Láti inú ìyà ló ti wá.

Òyìnbó tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni Queirós, Potogí tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Spéènì, lọ́dún 1606. Ó rí Santo, ó rò pé òun ti rí ilẹ̀ ńlá gúúsù tí gbogbo wọn ń wá, ó sọ ibẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù Tuntun, ó pe odò kan ní Jọ́dánì, kò sì pẹ́ tó fi sá lọ. James Cook dé lọ́dún 1774, ó wo òkè ibẹ̀, ó rántí àwọn erékùṣù kan ní Scotland, ló bá pè é ní New Hebrides. Orúkọ yẹn ló wà lára rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún. (Ẹ má ṣe bínú sí Cook jù, àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ilẹ̀ lórúkọ láìbi onílẹ̀.)

Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣòwò dé. Lọ́dún 1825 wọ́n rí igi sandalwood ní Erromango, igi olóòórùn dídùn tí àwọn ará Ṣáínà ń fowó gidi rà, wọ́n sì gé e títí tó fi tán. Wọ́n tún ń wá ẹ̀dá omi kan tó rí gbọọrọ tó sì rọ̀, tí wọ́n ń sá gbẹ láti fi ta fún Ṣáínà bákan náà. Bêche-de-mer ni Faransé ń pè é. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà tí wọ́n ń fi rà á tí wọ́n ń fi tà á ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀dá omi náà pè, ìyẹn Bislama. Ìṣòwò yẹn bí i, ṣùgbọ́n oko ìrèké ló tọ́ ọ dàgbà. Láti 1863 ni àwọn ọkọ̀ ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ láti Vanuatu àti Solomon lọ sí Queensland ní Ọsirélíà. Àwọn kan tọ́wọ́ bọ ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tí wọn kò lè kà. Àwọn kan ni wọ́n tàn. Àwọn mìíràn sì ni wọ́n jí gbé láti etíkun, bí ọ̀rọ̀ tí àwa náà mọ̀ nílé. Nígbà tí wọ́n fi dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ti kó bí 62,000.

Ẹ fojú inú wo oko kan tí ọmọ Tanna, ọmọ Malakula àti ọmọ Pentecost ti jọ ń gé ìrèké, tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ ti ẹnìkejì. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu alábòójútó, wọ́n tò ó bí èdè tiwọn nílé ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyí. Tí Yorùbá bá ní "àwa", ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. "Àwa ń lọ sóde" lè jẹ́ pé èmi àti ẹ̀yin ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin ń dúró sílé. Àwọn èdè Vanuatu kì í gba irú ìyẹn láyè, nítorí náà Bislama náà kò gbà á. "Yumi" ni èmi pẹ̀lú ẹ̀yin. "Mifala" ni àwa, ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìrònú inú rẹ̀ kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Nígbà tí ìjọba Ọsirélíà fi òfin ọdún 1901 lé ọ̀pọ̀ wọn padà sílé, èdè yìí ni ẹrù tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó sì ràn ká gbogbo erékùṣù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀gá méjì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé níbẹ̀, oníwàásù ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fẹ́ kí Lọndọn gba ilẹ̀ náà. Àwọn Faransé tó ń gbé níbẹ̀, olóko ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń ra ilẹ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀pà, wọ́n sì ń fẹ́ kí Paris gbà á. Ìjọba méjèèjì kò fẹ́ kí èkejì ní in, ọ̀kankan nínú wọn kò sì kà á sí ohun tó tó jà lé lórí. Lọ́dún 1887 wọ́n fi ọmọ ogun ojú omi ṣe ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan. Lọ́dún 1906 wọ́n tọ́wọ́ bọ̀wé pé àwọn á jọ máa ṣàkóso rẹ̀. Yorùbá ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà. Àwọn wọ̀nyí ní yóò pé méjì.

Ibi tí ó ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n máa ń rò pé wọ́n pín ilẹ̀ náà ni, apá kan fún ti ibí, apá kan fún ti ọ̀hún. Wọn kò pín in. Ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ajẹ́lẹ̀ Faransé wà, agbára wọn dọ́gba lórí ilẹ̀ kan náà. Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì wà, ọlọ́pàá Faransé wà, aṣọ wọn yàtọ̀. Ilé ìwòsàn méjì, ètò ẹ̀kọ́ méjì, ọgbà ẹ̀wọ̀n méjì, owó méjì tí wọ́n jọ ń ná lọ́jà kan. Lórí gbogbo èyí, wọ́n tún ní ìjọba kẹta, ti àjùmọ̀ṣe, tó ń bójú tó bí ìfìwéránṣẹ́ àti ọ̀nà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá dáràn, òfin Gẹ̀ẹ́sì ló máa bá a wí, ọmọ Faransé sì ń bẹ lábẹ́ ti Faransé. Bó bá jẹ́ ará Ṣáínà tàbí ará Jámánì lẹni tó dé, wọ́n á ní kó yan èyí tó bá wù ú. Àwàdà tí wọ́n máa ń fi ṣe ni pé oúnjẹ ẹ̀wọ̀n Faransé dùn jù, ẹ̀wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ló sì mọ́ jù, kí onítọ̀hún rò ó dáadáa kó tó jalè.

Bí ẹjọ́ bá dà wọ́n pọ̀, pàápàá ẹjọ́ ilẹ̀, ilé ẹjọ́ àjùmọ̀ṣe ló ń gbọ́ ọ. Adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, adájọ́ Faransé kan. Tí wọn ò bá gbọ́ra yé ńkọ́? Wọ́n ní kí ọba Spéènì yan ààrẹ ilé ẹjọ́ náà, kó máa ṣe alárinà. Ọba Spéènì, ní Pàsífíìkì! Ẹni àkọ́kọ́ tí ó rán wá, ìjòyè kan tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Buena Esperanza, ni wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé púpọ̀, kò gbọ́ èdè onílẹ̀ kankan, etí rẹ̀ sì ń di. Bóyá wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí ìtàn yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n sí irọ́ tàbí òótọ́ tán, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún irú ìjọba àjùmọ̀ṣe yìí ni "condominium". Àwọn ẹlẹ́yà yí i padà sí "pandemonium", rúkèrúdò.

Ẹ̀rín náà dá lẹ́nu nígbà tí ẹ bá bèèrè pé onílẹ̀ ńkọ́. Onílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọmọ Faransé, kò sì sí orílẹ̀-èdè kẹta tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Lójú òfin àgbáyé, kò ní ibi tó ti wá. Tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò sókè òkun, ìwé pélébé kan tí ajẹ́lẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ni á mú dání. Orí ilẹ̀ baba rẹ̀ ló ti di àlejò, títí di ọdún 1980.

Àwa náà mọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé yìí. Lọ́dún 1889 wọ́n fa ilà kọjá àárín wa. Alákétu bá Faransé lọ, Ìmẹ̀kọ tí ń wárí fún un bá Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọmọ ìyá kan ń kọ́ "bonjour", èkejì ń kọ́ "good morning". Ṣùgbọ́n ilà tiwa, ilẹ̀ ni wọ́n fà á sí, ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ igbó kọjá rẹ̀. Ní Vanuatu, ara èèyàn ni wọ́n fà á sí. Abúlé tí ìjọ Presbyterian tàbí Áńgílíkà ti kọ́kọ́ dé, ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ibẹ̀ lọ. Abúlé tí àwọn fadá Kátólíìkì ti dé, Faransé ló kọ́. Nígbà tó di ọdún 1960 sí 1970, tí òmìnira ti ń rùn bọ̀, Faransé rí i pé àwọn tó gbọ́ èdè òun kò tó, ló bá ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ káàkiri. Ẹbí mìíràn á rán ọmọ kan síbí, á rán èkejì sọ́hùn-ún, kí wọ́n má baà gbára lé ẹ̀ka kan. Ẹ wò ó bí ààlà ṣe wọ inú ilé kan náà.

Ààlà yẹn ló di ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n jẹ́ Pùrótẹ́sítáǹtì, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1971 tó wá di Vanua'aku Pati. Walter Lini, àlùfáà Áńgílíkà láti Pentecost, ló ṣáájú wọn. Òmìnira kíákíá ni wọ́n ń fẹ́, kí ilẹ̀ sì padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn tó ka ìwé Faransé ń bẹ̀rù pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni àwọn máa wà, wọ́n ní ká fara balẹ̀. Lọndọn ti rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sílé. Paris ń wo New Caledonia lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí irin tí ń jẹ́ nickel wà, ó sì ń rò pé iná yìí lè ràn. Oṣù kọkànlá 1979 ni wọ́n dìbò: ẹgbẹ́ Lini mú 26 nínú ìjókòó 39.

Ní Santo, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Jimmy Stevens, onírùngbọ̀n funfun tó dá ẹgbẹ́ Nagriamel sílẹ̀ ní ọdún 1960 sí 1970 nítorí ilẹ̀ tí àwọn olóko ń gbà. Orúkọ ewé méjì, nagria àti namele, ló fi sọ ẹgbẹ́ náà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ fún kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn olóko Faransé tó ti bá jà rí di ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn olówó Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń wá ilẹ̀ tí wọn ò ti ní san owó orí sì dé, wọ́n ń tì í lẹ́yìn. Lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún 1980, àwọn èèyàn rẹ̀ tó gbé ọfà àti ọrun gba ìlú Luganville, ó kéde orílẹ̀-èdè Vemerana. Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun wá, Faransé kó ọmọ ogun wá. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn, torí ọ̀kan kò lè ṣe ohunkóhun tí èkejì kò fọwọ́ sí. Bí ìjọba ọ̀gá méjì ṣe gbé ayé rẹ̀ náà ló ṣe ń kú.

Òmìnira dé lọ́jọ́ 30 oṣù keje 1980 pẹ̀lú Santo tí kò tíì tẹrí ba. Kí ni Lini ṣe? Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ òyìnbó, ó ké sí Papua New Guinea. Àwọn sójà wọn dé ní oṣù kẹjọ. Papua New Guinea ní Píjìn tirẹ̀, Tok Pisin, àbúrò Bislama, tí òun náà dàgbà nínú oko òyìnbó. Awọ ara wọn jọra, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yéra. Àwọn tó dúró pẹ̀lú ọfà lòdì sí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ò mọ bí wọ́n á ṣe ta ọfà sí ẹni tó ń kí wọn bí ará ilé. Kí oṣù náà tó tán, Stevens ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yìnbọn pa ọmọ rẹ̀ kan níbi ìdènà ojú ọ̀nà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni wọ́n dá fún un. Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 1991. Àwọn oníròyìn pè é ní Ogun Àgbọn, bí ẹni pé eré ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bọ́ orúkọ Cook sọnù. "Vanua" ni ilẹ̀, "tu" ni dúró. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ní Bislama ni èdè orílẹ̀-èdè. Bislama, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè tí wọ́n ó máa fi kọ́ ọmọ níwèé jù. Ẹ kíyè sí i: èdè tí gbogbo ìlú ń sọ, òun gan-an ni wọn kò fún ní kíláàsì. Orin orílẹ̀-èdè wọn ń jẹ́ "Yumi, Yumi, Yumi", èmi pẹ̀lú ẹ̀yin lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí "mifala" nínú rẹ̀. Wọ́n sì dá gbogbo ilẹ̀ padà fún àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ àti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó yá a. Kò lè rà á pátápátá. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1978, ìjọba ológun wa ti fi òfin kó ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Mo fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ onílẹ̀ àdúgbò yín láti jọ sọ.

Lini ṣolórí ìjọba títí di 1991, ìgbà yẹn ni ẹni tó ka ìwé Faransé, Maxime Carlot Korman, kọ́kọ́ dé ipò náà. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn aṣòfin ń fò láti ibí sí ọ̀hún, ìjọba ń ṣubú kí ó tó gbóná. Ó sú ìlú débi pé ní oṣù karùn-ún 2024 wọ́n dìbò gbogboogbò láti fi òfin dè wọ́n. Nílé ẹjọ́ àgbáyé, Vanuatu tó kéré yìí ló ṣáájú ẹjọ́ lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, ó sì rí ìdáhùn gbà ní oṣù keje 2025. Àwọn tí ìjì líle ń wó ilé lé lórí, bíi Pam lọ́dún 2015, ìdí wọn yé ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà tí ẹ ti gbọ́ kì í ṣe irọ́. Wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú fún àwọn àjòjì, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí ìjọba wọn gbójú lé. Àwọn tí kò ní ìwé ọmọ ilẹ̀ ibikíbi títí di 1980 ló wá ń ta tiwọn fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ní oṣù kejìlá 2024, ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù gba àǹfààní àìgba físà lọ́wọ́ ìwé náà pátá. Nínú oṣù kan náà, lọ́jọ́ 17, ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára tó 7.3 mi Port Vila. Lára ilé tó bà jẹ́ ni èyí tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mélòó kan ti jọ háyà ọ́fíìsì sí nígboro. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, Faransé náà wà nínú rẹ̀.